Bí A Ṣe Ń Pọn Bíà Nílé: Ìtọ́sọ́nà fún Lítà Mẹ́wàá Àkọ́kọ́

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà nílé máa ń bi mí: kí ni kí n kọ́kọ́ rà, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó mu? Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lítà 10 ni a ó pọn. Kò pọ̀ ju ohun tí ìkòkò inú ilé ìdáná lè gbà lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò kéré débi tí làálàá rẹ̀ yóò fi dà bí asán.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó tan iná. Kì í ṣe àwa ni a ń pọn bíà, ìwúkàrà ni. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a se omi dídùn tí yóò jẹ, kí a fún un ní ilé tó mọ́ tí kò sì gbóná jù, kí a sì yàgò fún un. Nínú gbogbo ọtí tí mo ti rí tó bàjẹ́, tèmi àti ti ẹlòmíràn, èyí tí a lè sọ pé èlò rẹ̀ ni kò dára ṣọ̀wọ́n. Ìdọ̀tí ló sábà máa ń fà á, tàbí ooru, tàbí ìkánjú.

## Kí ẹ tó ná owó

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin gba àgbàlagbà láyè láti pọn bíà tí òun àti ará ilé rẹ̀ yóò mu, ṣùgbọ́n títà rẹ̀ nílò ìwé àṣẹ. Ẹ wádìí ohun tí òfin ibi tí ẹ ń gbé sọ. Ìtọ́sọ́nà yìí kò kan gbígbé ọtí sórí iná láti fi fa ọtí líle yọ. Iṣẹ́ mìíràn pátápátá nìyẹn, ó léwu, ọ̀pọ̀ òfin sì kà á léèwọ̀.

Bí ẹ bá ní ajá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dé ibi tí họ́ọ̀pù wà (òdòdó tó ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn dídùn), ìbáà ṣe tútù tàbí èyí tí a ti sè tí a fẹ́ dà nù. Májèlé ni fún ajá, ó sì lè pa á.

Àwọn ohun èlò

- Ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, tó gba lítà 10.
- Korobá oníke méjì tó ṣeé fi oúnjẹ sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí lítà 15. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó dé pinpin, kí ihò sì wà lára ìdérí náà fún airlock, ìyẹn ike kékeré tí a ń bu omi sí, tó ń jẹ́ kí gáàsì jáde láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.
- Tẹmómítà, àti òṣùwọ̀n tó lè wọn gíráàmù.
- Háídrómítà, ìyẹn ọ̀pá tó ń léfòó nínú omi láti fi hàn bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti ife gígùn rẹ̀. Ẹ má ṣe fo èyí. Òun nìkan ló lè sọ fún yín pé ìwúkàrà ti jẹun tán.
- Okùn rọ́bà tó mọ́ fún fífa ọtí láti inú korobá kan sí èkejì, àti asẹ́.
- Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ bí i 28 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba sẹ̀ńtílítà 33, ìdérí onírin, àti irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ ìdérí náà mọ́ ìgò. Ẹ fi ìgò oníke kan kún un; mo máa sọ ìdí rẹ̀ níwájú.
- Oògùn apakòkòrò tí a ṣe fún ohun èlò ìpọntí, irú èyí tí kò nílò pé kí a tún fi omi ṣan án.

Àwọn èròjà

- Ìyẹ̀fun málítì aláwọ̀ fífúyẹ́, ìyẹn adùn tí a fà yọ lára ọkà bálì tó ti hù, tí a sì gbẹ, kílò 1.2. Bí ó bá jẹ́ málítì olómi tó ki bí oyin ni ẹ rí, kílò 1.5 ni kí ẹ lò.
- Họ́ọ̀pù, gíráàmù 30. Nọ́ńbà alpha acid, ìyẹn ohun tó ń mú ìkorò wá, máa ń wà lára àpò rẹ̀. Èyí tó wà ní nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni mo fi ṣe ìṣirò yìí. Bí tiyín bá jẹ́ 10, ẹ dín èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ dà sínú ìkòkò kù sí ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọtí náà yóò korò bí jogbo.
- Ìwúkàrà bíà oníyẹ̀fun, irú ti ale (bíà tí a ń pọn níbi tí kò tutù jù), àpò kan tó tó gíráàmù 11. Lítà 20 ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà ìdajì rẹ̀ tó wa, bí ẹ bá sì da gbogbo rẹ̀ sí i kò ní ba nǹkan kan jẹ́. Ìwúkàrà búrẹ́dì lè sọ ṣúgà di ọtí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ korobá, adùn tó sì máa ń fi sílẹ̀ kì í ṣe ti bíà.
- Ṣúgà funfun, gíráàmù 60, fún ọjọ́ tí ẹ ó rọ ọtí sínú ìgò.
- Omi mímu, lítà 12. Bí omi ẹ̀rọ yín bá ní chlorine, ẹ lo tábúlẹ́ẹ̀tì Campden, tó ń mú chlorine kúrò: ẹyọ kan tó nǹkan bí lítà 75, nítorí náà èérún kékeré kan ti tó. Bí ẹ kò bá ṣe é, chlorine àti málítì lè pàdé, kí ọtí náà sì máa rùn bí ilé ìwòsàn.

## Ìmọ́tótó: ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀

Iṣẹ́ méjì ló wà níbí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Fífọ̀ ni àkọ́kọ́: ẹ fi omi gbígbóná àti kànrìnkàn tó rọ̀ yọ gbogbo ohun tí ojú rí. Pípa kòkòrò ni èkejì: ẹ fi oògùn pa ohun tí ojú kò rí. Oògùn kò lè pa ohun tó sá pamọ́ sábẹ́ èérí, nítorí náà ẹ kò gbọ́dọ̀ fi èkejì rọ́pò àkọ́kọ́. Ẹ má sì fi kànrìnkàn onírin ha inú korobá oníke, nítorí pé ojú ìlà tó bá fà sí i yẹn gan-an ni kòkòrò máa ń fi ṣe ilé.

Kí iná tó kúrò lábẹ́ ìkòkò, híhó omi ń bá yín ṣe iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí iná bá ti kú ni ewu bẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun tó bá máa kan omi málítì lẹ́yìn ìgbà yẹn gbọ́dọ̀ ti wẹ̀ nínú oògùn: ṣíbí, asẹ́, tẹmómítà, ìdérí, okùn rọ́bà nínú àti lóde, títí kan àlùmọ́gàjí tí ẹ fẹ́ fi gé ẹnu àpò ìwúkàrà.

Bí bílíìṣì ìfọṣọ tí kò ní lọ́fínńdà nìkan ni ẹ ní, ó ṣeé lò: mílílítà mẹ́rin sí lítà omi kan, ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi tí ẹ ti sè ṣan án dáadáa títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ kò gbọ́dọ̀ pò bílíìṣì pọ̀ mọ́ ọtí kíkan tàbí oògùn mìíràn kankan. Gáàsì tó máa ń jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

## Ọjọ́ ìpọntí

Ẹ ya wákàtí mẹ́rin sọ́tọ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ se lítà 5 omi, ẹ dé e, kí ẹ sì gbé e sínú firíìjì.

1. Ẹ da lítà 6 omi sínú ìkòkò kí ẹ sì gbé e kaná. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó hó, ẹ pa iná, ẹ wá da gíráàmù 600 málítì sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Bí iná bá wà lábẹ́ rẹ̀, málítì á jókòó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò á sì jóná, òórùn jíjóná yẹn kì í sì í kúrò lára ọtí mọ́. Ẹ fi ṣíbí ra ìsàlẹ̀ ìkòkò kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn.

2. Ẹ tan iná padà, kí ẹ má sì kúrò nídìí rẹ̀. Bí omi náà ṣe ń sún mọ́ híhó, ìfófó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ láti etí ìkòkò wá sí àárín. Á nípọn, ojú rẹ̀ á máa dán, ó sì lè jọ pé ó ti dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ni yóò dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá yíjú láti wo fóònù, ó ti dé orí sítóòfù, bí ó bá sì gbẹ síbẹ̀, ọ̀bẹ ni ẹ ó fi ha á. Nígbà tí ẹ bá rí i tó ń gòkè, ẹ dín iná kù, ẹ rò ó, tàbí kí ẹ wọ́n omi tútù sí i. Tó bá dìde bí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, á wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

3. Nígbà tí ìfófó bá ti rọlẹ̀, ẹ da gíráàmù 20 họ́ọ̀pù sí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú 60. Ẹ má ṣe dé ìkòkò: àwọn òórùn kan wà tó gbọ́dọ̀ bá ooru omi jáde, bí wọn kò bá rí ọ̀nà, bíà yín á máa rùn bí àgbàdo sísè. Kí híhó náà ṣe déédéé, kì í ṣe híhó tí ń tú jáde.

4. Nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú 10, ẹ tún pa iná, ẹ da gíráàmù 600 tó kù sí i, ẹ rò ó, kí ẹ dá a padà sórí iná. Ìdí tí a fi pín in sí méjì ni pé málítì tó bá pẹ́ jù lórí iná máa ń dúdú.

5. Nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú 5, ẹ da gíráàmù 10 họ́ọ̀pù tó kù sí i. Èyí kò ní fi bẹ́ẹ̀ fi ìkorò kún un. Òórùn dídùn ló wà fún.

6. Ẹ pa iná, ẹ wá dé ìkòkò. Ẹ gbé e sínú agbada tàbí ibi ìfọwọ́ tó kún fún omi àti yìnyín, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà bí ó bá ti ń gbóná. Ẹ fẹ́ kí ó wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 25°C láàárín ìdajì wákàtí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi yìnyín ta sínú ìkòkò.

7. Ẹ fi asẹ́ tó ti wẹ̀ nínú oògùn sẹ́ ẹ sínú korobá onídèérí, kí ẹ sì fi omi firíìjì kún un títí yóò fi pé lítà 10. Ẹ wọn ìgbóná rẹ̀: 18 sí 20°C ni a ń wá.

8. Ẹ rò ó pọ̀ dáadáa kí ẹ tó bu díẹ̀ sínú ife háídrómítà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni èyí: omi tí a fi kún un máa ń léfòó lórí málítì tó wúwo, tí ẹ kò bá pò ó pọ̀, irọ́ ni háídrómítà yóò pa. Bí ẹ ṣe fi háídrómítà sínú omi náà, ẹ fi ìka yí i díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lè kúrò lára rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ títí ojú yín yóò fi bá ojú omi dọ́gba, kí ẹ sì ka ìlà tí ojú omi wà, kì í ṣe ibi tí omi ti gun ara ọ̀pá náà. Ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bí 1.045. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe da èyí tí ẹ fi wọ̀n ọ́n padà. Ẹ tọ́ ọ wò.

9. Ẹ dé korobá pinpin kí ẹ sì mì ín fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìwúkàrà nílò ọ́síjìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ bíà nìyí.

10. Ẹ wọ́n ìwúkàrà sójú rẹ̀, ẹ dé e, ẹ fi airlock sí i, kí ẹ bu omi sínú airlock náà. Ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn.

## Ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án

Láàárín wákàtí 12 sí 24, ìfófó á bo ojú rẹ̀, gáàsì á sì máa hó jáde nínú airlock. Bí wákàtí 48 bá kọjá láìsí nǹkan, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìdérí wò, nítorí pé gáàsì lè máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Bí ìfófó bá gòkè débi pé ó fẹ́ dí airlock, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi okùn rọ́bà tó mọ́ rọ́pò rẹ̀, kí orí kejì okùn náà wà nínú ife omi. Korobá tí ihò rẹ̀ bá dí lè ta ìdérí rẹ̀ dé àjà.

Ìwúkàrà máa ń mú ooru jáde bí ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà inú korobá máa ń gbóná ju iyàrá lọ. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Bí ìgbóná rẹ̀ bá kọjá 24°C, ọtí náà lè máa rùn bí ohun ìpa-ọ̀dà-èékánná rẹ́, kí ó sì máa fọ́ni lórí.

Bí iyàrá yín bá gbóná:

- Ẹ gbé korobá sínú agbada omi ńlá, kí ẹ máa fi ìgò omi dídì méjì sínú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.
- Ẹ fi aṣọ tútù we korobá náà, kí etí aṣọ wà nínú omi, kí fáànù sì máa fẹ́ sí i.
- Tàbí kí ẹ yí ìwúkàrà padà. Èyí tó ń jẹ́ kveik, tó ti ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Norway wá, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín 30 sí 38°C. Ní tèmi, ẹni tí kò ní firíìjì ìpọntí kò gbọ́dọ̀ máa bá ooru jà nígbà tí irú ìwúkàrà yìí wà.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ wọn ọtí náà. Ní ọjọ́ kẹtàlá, ẹ tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, tó sì wà láàárín 1.010 sí 1.014, ó ti parí. Bí ó bá ṣì ń wálẹ̀, ẹ dúró. Bí ó bá dúró sórí 1.020, ẹ gbé e lọ sí ibi tó tó 22°C, ẹ rọra yí korobá náà láìṣí i, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ mẹ́rin sí i.

Láti mọ bí ọtí náà ṣe le tó, ẹ yọ nọ́ńbà ìkẹyìn kúrò nínú ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi 131.25 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí àpẹẹrẹ, 1.045 dín 1.011 jẹ́ 0.034, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

## Rírọ ọ́ sínú ìgò

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe rọ ọtí tí kò tíì parí sínú ìgò. Ní ìgbà kejì tí mo pọntí, ọjọ́ karùn-ún ni mo rọ ọ́, nítorí pé airlock ti dákẹ́. N kò ní háídrómítà, mo sì rò pé ìdákẹ́jẹ́ tó ẹ̀rí. Ní òru ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ohun kan dún gbàmù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí n tó dìde, òmíràn ti tẹ̀ lé e. Ìgò mẹ́rin ló fọ́. Ẹ̀mú ni mo fi fa àfọ́kù kan yọ lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà láti inú. Ká ní mo ṣí i ní àsìkò yẹn ni, ojú mi ni ì bá wà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

1. Ẹ fọ gbogbo ìgò, ẹ wẹ̀ wọ́n nínú oògùn, kí ẹ dojú wọn dé kí wọ́n ro.
2. Ẹ wọn iye ọtí tó wà. Gíráàmù 6 ṣúgà ni fún lítà kan: lítà 10 gba gíráàmù 60, lítà 9 gba 54. Ẹ lo òṣùwọ̀n, ẹ má lo ṣíbí. Ẹ se ṣúgà náà nínú ife omi kan fún ìṣẹ́jú 5, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì dà á sínú korobá kejì.
3. Ẹ fi okùn rọ́bà fa ọtí sí orí rẹ̀. Kí orí okùn náà kan ìsàlẹ̀ korobá kí ọtí má baà máa ta pàrà. Afẹ́fẹ́ ti di ọ̀tá báyìí. Ẹ má fi ẹnu fà á. Ẹ dá dúró kí ẹ tó kan gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ fi ṣíbí mímọ́ rò ó jẹ́jẹ́, kí ṣúgà lè dé ibi gbogbo.
4. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, kí ẹ fi àlàfo sẹ̀ńtímítà 2 sí 3 sílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, kí ẹ sì tẹ ìdérí mọ́ ọn.
5. Ẹ rọ ọ̀kan sínú ìgò oníke yẹn. Ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́: nígbà tí ó bá le bí òkúta, ìfófó ti wà nínú àwọn tó kù náà.
6. Ẹ tò wọ́n sínú àpótí tó ní ìdérí, níbi tó ṣókùnkùn tó sì tó 20°C, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ méjì nínú firíìjì.
7. Bí ẹ bá ń dà á, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdáwọ́dúró, kí ẹ sì fi ìka kan ọtí sílẹ̀ pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá fura pé ìgò kan ti le jù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti awò ìdáàbòbò ojú kí ẹ tó gbé e. Ẹ kó gbogbo wọn sínú firíìjì. Òtútù máa ń dín agbára gáàsì náà kù, lẹ́yìn náà ni ẹ ó ṣí wọn.

## Bí adùn rẹ̀ bá yàtọ̀

- Ó ń rùn bí bọ́tà, tàbí bí èso ápù tútù: ẹ yọ ọ́ lẹ́nu ìwúkàrà kí ó tó jẹun tán. Ọ̀sẹ̀ kan sí i nínú korobá ni ì bá ti tún un ṣe.
- Bí páálí tó rin: afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ nígbà tí ẹ ń fà á.
- Bí oògùn tàbí bándéèjì: chlorine, láti inú omi tàbí bílíìṣì tí ẹ kò ṣan tán.
- Òórùn burúkú bíi ti rọ́bà tí iná rà: ìmọ́lẹ̀ oòrùn kan họ́ọ̀pù inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń lo ìgò aláwọ̀ ilẹ̀.
- Ó kan, ojú rẹ̀ sì ní awọ funfun: kòkòrò mìíràn ti wọlé. Ẹ dà á nù, ẹ sì pààrọ̀ okùn rọ́bà.
- Kò ní ìfófó: lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ìgò wà ló tutù jù. Ẹ gbé e síbi tó móoru fún ọ̀sẹ̀ kan sí i.

## Bí ẹ bá fẹ́ lo ọkà dípò ìyẹ̀fun

Ẹ dúró di ìgbà kẹta. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ti àpò: ẹ di kílò 2.2 ọkà málítì tí a ti lọ̀ sínú àpò aṣọ tó fẹ́lẹ́, kí ẹ rì í sínú omi 66°C fún wákàtí kan, kí ìgbóná náà má yẹ̀ ju ìwọ̀n méjì lọ. Níbẹ̀ ni ṣúgà ti ń tú jáde lára ọkà. Ẹ gbé àpò náà sókè kí ó ro, kí ẹ sì máa bá a lọ láti ìgbésẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n kí ẹ fo ìgbésẹ̀ kẹrin, nítorí pé kò sí ìyẹ̀fun tó kù láti dà sí i. Ìkòkò lítà 20 ni ẹ ó nílò.

## Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bi ẹni tó ti ṣe é pẹ́ léèrè, "bíà mi kò dára" kò lè ràn án lọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyí ni yóò béèrè:

- Èròjà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù, àti orúkọ ìwúkàrà.
- Ìgbóná omi málítì nígbà tí ìwúkàrà wọ inú rẹ̀.
- Ìgbóná ara korobá láàárọ̀ àti lálẹ́, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́.
- Nọ́ńbà háídrómítà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.
- Iye ọtí àti iye ṣúgà ní ọjọ́ tí ẹ rọ ọ́ sínú ìgò.
- Bí ó ṣe rí lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ fi ìgò méjì pamọ́ nítorí ti ọ̀sẹ̀ kẹfà yẹn, kí ẹ sì lẹ bébà mọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni má baà mu wọ́n.